Kì í ṣe iye ìkọlù ló ń mú gáàsì yí padà: àtúnṣe sí àròkọ yín lórí gáàsì àti ìgbóná

Sí Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ìfaradà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín pé ẹ fi odidi ojú ewé kan sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì nínú àtẹ̀jáde yín tó kọjá, níbi tí òǹkọ̀wé yín ti ṣàlàyé ìdí tí gáàsì méjì tí a pò pọ̀ fi ń tètè yí padà di nǹkan mìíràn nígbà tí a bá mú wọn gbóná. Èdè rẹ̀ dán, àlàyé rẹ̀ sì yé ọmọdé àtàgbà. Ṣùgbọ́n gbólóhùn kan wà níbẹ̀ tí n kò lè jẹ́ kó kọjá lọ bẹ́ẹ̀, nítorí pé orí rẹ̀ ni àlàyé yòókù dúró lé. Òǹkọ̀wé náà ní ìgbóná ń mú kí mólékù, ìyẹn àwọn ègé tíńtín tí gáàsì kó jọ, máa sáré sí i, pé eré yìí ń mú kí wọ́n máa kọlu ara wọn lemọ́lemọ́ sí i, àti pé nítorí bẹ́ẹ̀ ni ìyípadà kẹ́míkà fi ń yára. Apá kìíní jẹ́ òótọ́, apá kejì náà jẹ́ òótọ́, ṣùgbọ́n “nítorí bẹ́ẹ̀” tó fi so wọ́n mọ́ ìparí ọ̀rọ̀ kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí, mo sì fẹ́ kí ẹ gbà mí láàyè kí n fi ìṣirò hàn án.

Ẹ jẹ́ ká mú ìgò kan tí a dé pinpin, tí gáàsì wà nínú rẹ̀, tí ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ jẹ́ 300 Kelvin, èyí tí í ṣe nǹkan bí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ká wá mú un gbóná dé 310 Kelvin. Eré tí mólékù ń sá kì í bá ìgbóná ga lẹ́sẹ̀ kan náà: ìgbà tí ìwọ̀n ìgbóná bá di ìlọ́po mẹ́rin ni eré náà tó di ìlọ́po méjì. Nítorí náà, láti 300 dé 310, nǹkan bí ìdá 1.7 nínú ọgọ́rùn-ún péré ni eré agbedeméjì fi lé sí i, iye ìgbà tí mólékù ń kọlu ara wọn sì fi ìwọ̀n kan náà lé, nítorí pé ìgò kò fẹ̀ sí i, mólékù inú rẹ̀ kò sì pọ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pé iye ìkọlù ló ń darí ọ̀rọ̀, ìyípadà kẹ́míkà inú ìgò náà kò gbọdọ̀ fi ju ìdá 1.7 yẹn lọ yára sí i. Àmọ́ ohun tí àwọn tó ń wọn nǹkan wọ̀nyí ń rí ni pé ọ̀pọ̀ ìyípadà kẹ́míkà ló ń yára tó nǹkan bí ìlọ́po méjì nítorí dégírì mẹ́wàá yìí nìkan.

Mo ṣì rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣe ìṣirò yìí fúnra mi, tí mo jókòó ti bébà kan àti lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé, tí mo rò pé mo ti ṣì í, tí mo pa á rẹ́, tí mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹta. Ìdáhùn kan náà ló ń jáde. Ìgbà náà ni mo tó gbà pé ohun tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì, tí í ṣe gẹ́lẹ́ ohun tí òǹkọ̀wé yín kọ, kò lè jẹ́ òótọ́ tán.

Níbo wá ni ìlọ́po méjì yìí ti ń wá? Kí mólékù méjì tó lè pààrọ̀ átọ̀mù láàárín ara wọn, ìdè tó so átọ̀mù inú wọn pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ nà dé ibi tó ti fẹ́ já, nínà yẹn sì ń gba agbára. Agbára náà dà bí ògiri tí wọ́n gbọ́dọ̀ fò: èyí tí kò bá fò ó dé orí, ibi tó ti wá ni yóò padà sí, bí ìgbà tí nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Svante Arrhenius, ọmọ orílẹ̀-èdè Sweden, ló fi ògiri yìí sínú ìṣirò lọ́nà tí gbogbo ayé fi mọ̀ ọ́n ní 1889; Max Trautz ní Jámánì ní 1916 àti William Lewis ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1918 sì so ó mọ́ ìkọlù mólékù, olúkúlùkù wọn láìmọ̀ pé ẹnì kejì ń ṣe é. Bí ògiri náà bá ga tó 50 kílójúùlù (òṣùwọ̀n agbára) fún mólì kan, tí í ṣe òṣùwọ̀n tí a fi ń ka mólékù lọ́pọ̀ yanturu, ìṣirò wọn fi hàn pé ní 300 Kelvin, nínú ìkọlù bílíọ̀nù kan, nǹkan bí méjì péré ló ní agbára tó tó fò ó. Ní 310, ó di nǹkan bí mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ìlọ́po méjì wà. Iye ìkọlù fẹ́rẹ̀ẹ́ má yí padà, àwọn díẹ̀ tó lágbára láàárín wọn ló di púpọ̀ sí i.

Ẹ jẹ́ ká tẹ̀ lé mólékù afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, kí ọ̀rọ̀ náà lè hàn kedere. Ó ń sáré nǹkan bí 470 mítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ṣùgbọ́n kò lè lọ ju nǹkan bí 68 náńómítà lọ (náńómítà kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mítà) kó tó forí sọ òmíràn, èyí tó túmọ̀ sí pé ó ń kọlu àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà bílíọ̀nù méje láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí irú mólékù bẹ́ẹ̀ bá wà nínú gáàsì tí ògiri rẹ̀ jẹ́ 50 kílójúùlù, ìkọlù tó lágbára tó yóò kàn án ní nǹkan bí ìgbà mẹ́rìnlá ní ìṣẹ́jú àáyá. Ẹ wá sọ ògiri náà di 100 kílójúùlù, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn, kí eré wà bó ṣe wà, kí iye ìkọlù wà bó ṣe wà. Ó lé ní ọdún kan kí ẹyọ ìkọlù kan tó tó bẹ́ẹ̀ tó kan mólékù yẹn. Ìdí nìyí tí háídrójìn àti ọ́síjìn fi lè wà pọ̀ nínú ìgò kan fún ọdún púpọ̀ láìṣe ara wọn ní nǹkan kan, tí wọ́n ń kọlu ara wọn lọ́sàn-án lóru, títí ìṣáná kékeré kan yóò fi kàn wọ́n tí gbogbo rẹ̀ yóò sì bú gbàù. Mo mọ̀ pé bí mólékù méjì ṣe kọjú síra wọn nígbà ìkọlù náà ní ipa tirẹ̀, ó sì ń dín iye náà kù sí i, ṣùgbọ́n kò kan àríyànjiyàn yìí.

Ìṣirò lórí eré mólékù gáàsì ti wà ṣáájú Arrhenius. Ní 1860, James Clerk Maxwell, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Scotland, fi hàn pé mólékù gáàsì kan náà kì í sá eré kan náà, pé bí a bá ya iye wọn gẹ́gẹ́ bí eré wọn, a ó rí òkè kan tó ní ìrù gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ lápá àwọn tó ń sáré jù lọ. Inú ìrù yẹn ni kẹ́mísìrì ń gbé. Nígbà tí a bá mú gáàsì gbóná díẹ̀, orí òkè náà kì í kúrò lójú kan tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìrù náà ń nípọn gan-an. Ẹni tó bá ń wo eré agbedeméjì nìkan ń wo orí òkè, kò sì lè rí ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ.

Ludwig Boltzmann, onímọ̀ físíìsì ọmọ ilẹ̀ Austria, ló wá kọ ìṣedọ́gba tó ń sọ bí òkè yẹn ṣe ń yí padà bí àkókò ti ń lọ, ní 1872. Ó fi lẹ́tà f dúró fún iye mólékù tó wà níbì kan pàtó tó ń sá eré kan pàtó lọ sí apá kan pàtó. Iye yìí ń dín kù nígbà tí ìkọlù bá gba mólékù kan kúrò nínú eré yẹn, ó sì ń pọ̀ sí i nígbà tí ìkọlù níbòmíràn bá jù mólékù kan sínú rẹ̀. Èrè àti àdánù méjèèjì ni ìṣedọ́gba náà ń kà, kò sì sí ohun mìíràn nínú rẹ̀ ju kí mólékù máa rìn lọ láàárín ìkọlù kan sí ìkejì. Bí gáàsì bá wá ń yí padà di gáàsì mìíràn, irú mólékù kọ̀ọ̀kan ní láti ní f tirẹ̀, a sì ní láti fi èrè àti àdánù tuntun kún ti àtẹ̀yìnwá: mólékù tí kì í ṣe pé eré rẹ̀ nìkan yí padà, bí kò ṣe pé orúkọ rẹ̀ gan-an yí padà.

N ó mú àpẹẹrẹ kan tó jẹ́ òtítọ́ gidi, tó sì ń ṣẹlẹ̀ nínú ọwọ́ iná, nínú ẹ́ńjìnnì àti níbi tí mànàmáná bá ti kọ. Átọ̀mù ọ́síjìn kan kọlu mólékù náítrójìn, tó jẹ́ átọ̀mù náítrójìn méjì tó so pọ̀. Ó já ọ̀kan gbà lọ́wọ́ èkejì, wọ́n sì yà lọ gẹ́gẹ́ bí náítríìkì ọ́ksáìdì àti átọ̀mù náítrójìn kan ṣoṣo. Ọ̀nà náà ń lọ, ó sì ń bọ̀: àwọn méjì tó jáde yìí lè kọlu ara wọn kí wọ́n padà di ti àkọ́kọ́. Oríṣi mẹ́rin ló wà níbẹ̀, nítorí náà f mẹ́rin la ní láti kọ. Nínú ìkọlù lásán, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti yí padà, ohun mẹ́jọ ni ìkọlù kì í bà jẹ́: iye oríṣi kọ̀ọ̀kan, tó jẹ́ mẹ́rin, ìwúwo tí a fi eré sọ di púpọ̀ lápá mẹ́ta, síwájú-sẹ́yìn, sọ́tùn-ún-sósì àti sókè-sísàlẹ̀, àti agbára. Nígbà tí ìyípadà bá wọ inú rẹ̀, kò sí ìkankan nínú iye mẹ́rin náà tó lè dá dúró mọ́. Ohun mẹ́ta ló kù láti dì mú níbẹ̀: iye átọ̀mù ọ́síjìn, iye átọ̀mù náítrójìn, àti àpapọ̀ iye gbogbo wọn, nítorí méjì ló wọlé, méjì ló jáde. Mẹ́jọ ti di méje. Agbára gan-an kò sì jẹ́ agbára eré nìkan mọ́. A gbọ́dọ̀ ka agbára tó wà nínú ìdè átọ̀mù mọ́ ọn, nítorí pé ìdè náítrójìn le púpọ̀, nǹkan bí 945 kílójúùlù fún mólì kan, ti náítríìkì ọ́ksáìdì sì jẹ́ nǹkan bí 631. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì, ẹ ó rí nǹkan bí 314 tí eré mólékù ní láti san kí ìyípadà náà tó lè wáyé.

Mo dúró lórí èyí nítorí pé ó ń fi ohun kan hàn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí. Boltzmann fi ẹ̀rí hàn pé òṣùwọ̀n kan wà, tí a ń fi lẹ́tà H pè, tí ìkọlù ń mú kó máa dín kù títí gáàsì yóò fi dúró déédéé. Ẹ̀rí náà ṣì ń ṣiṣẹ́ nígbà tí gáàsì bá ń yí padà, bí a bá ti gbà pé ọ̀nà àlọ àti ọ̀nà àbọ̀ ìkọlù kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n tó bá ara mu. Nígbà tí H bá dé ìsàlẹ̀ pátápátá, gbogbo oríṣi mẹ́rin yóò ní ìwọ̀n ìgbóná kan ṣoṣo, ìwọ̀n iye wọn sí ara wọn yóò sì tẹ̀ lé òfin tí Guldberg àti Waage, àwọn ọmọ Norway méjì, ti rí láti 1864 nínú iṣẹ́ kẹ́mísìrì láìwo mólékù rárá. Èyí tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni pé gíga ògiri ti pa rẹ́ kúrò nínú ìdáhùn náà pátápátá. Ìyàtọ̀ 314 yẹn ló ń sọ ibi tí gáàsì yóò dúró sí. Ògiri kàn ń sọ ìgbà tí yóò débẹ̀ ni. Bí òǹkọ̀wé yín bá fẹ́ sọ pé ìgbóná ń mú ìyípadà yára, ọ̀rọ̀ ògiri ni kó sọ. Bó bá sì fẹ́ sọ ibi tí ìyípadà yóò parí sí, ọ̀rọ̀ ìdè ni. Iye ìkọlù kò dáhùn ìkankan nínú méjèèjì.

Ó ku ibì kan tí n kò gbọdọ̀ fò, nítorí pé níbẹ̀ ni àlàyé tí èmi fúnra mi ti ń ṣe bọ̀ ti lè já. Mo ní inú ìrù òkè Maxwell ni kẹ́mísìrì ń gbé. Ṣùgbọ́n kẹ́mísìrì náà ló ń jẹ ìrù yẹn. Mólékù tó bá sáré tó láti fo ògiri ni ìyípadà ń mú lọ, àwọn tó ń rọra rìn ni ó ń fi sílẹ̀, bí ẹni pé a ń ṣa àwọn tó sáré jù kúrò lórí pápá kan, tí a sì ń retí kí eré pápá náà má dín kù. Ohun tó ń dí àlàfo náà ni ìkọlù lásán: lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mólékù méjì tí eré wọn jẹ́ agbedeméjì a kọlu ara wọn, ọ̀kan a gba agbára lọ́wọ́ èkejì, a sì sá wọ inú ìrù. Bí ìkọlù lásán bá pọ̀ gan-an ju ìyípadà lọ, ìrù náà yóò máa kún padà kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ó dín, òfin Arrhenius, tó so ìyára ìyípadà mọ́ gíga ògiri àti ìgbóná, yóò sì ṣe rẹ́gí. Ní 1949, Ilya Prigogine àti Xhrouet gbé ìṣirò jáde lórí bí ìyípadà kẹ́míkà ṣe ń da òkè Maxwell rú. Wọ́n lo ọ̀nà tí Sydney Chapman àti David Enskog ti là sílẹ̀ ní nǹkan bí 1916 àti 1917 fún gáàsì tó yà díẹ̀ kúrò ní ìdúró déédéé. Níbi tí ògiri bá ga, ìdàrúdàpọ̀ náà kéré débi pé a lè gbójú fò ó. Níbi tí ògiri bá kúrú, tí ìyípadà fẹ́rẹ̀ẹ́ yára tó ìkọlù lásán, òṣùwọ̀n ìyára tí a kọ sínú ìwé kò ṣeé gbára lé mọ́, f fúnra rẹ̀ la gbọ́dọ̀ ṣírò.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ọkọ̀ òfurufú tó ń ti òṣùpá bọ̀ ń wọ inú afẹ́fẹ́ ayé pẹ̀lú eré tó tó nǹkan bí kìlómítà mọ́kànlá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, afẹ́fẹ́ tó ń fún pọ̀ níwájú rẹ̀ sì lè gbóná dé nǹkan bí 11,000 Kelvin. Ọ́síjìn ti ń fọ́ sí átọ̀mù láti nǹkan bí 2,000 Kelvin, náítrójìn láti nǹkan bí 4,000. Lókè lọ́hùn-ún níbi tí afẹ́fẹ́ ti fẹ́lẹ́, gáàsì náà yóò ti kọjá lẹ́bàá ọkọ̀ kí ìkọlù tó pọ̀ tó láti tún òkè Maxwell kọ́. Ẹni tó bá lo òṣùwọ̀n inú ìwé níbẹ̀ yóò ṣi iye ooru tí ara ọkọ̀ náà ní láti fara dà ṣírò. Nítorí irú iṣẹ́ gáàsì fífẹ́lẹ́ bẹ́ẹ̀ ni Graeme Bird fi bẹ̀rẹ̀, ní 1963, ọ̀nà kan tí kọ̀ǹpútà fi ń tẹ̀ lé mólékù àpẹẹrẹ lọ́kọ̀ọ̀kan, tó sì ń ṣẹ́ kèké láti mọ àwọn tí yóò kọlu ara wọn.

Àwọn onímọ̀ ìṣirò náà kò tíì sinmi. Ní 1989, Ronald DiPerna àti Pierre-Louis Lions fi ẹ̀rí hàn pé ìṣedọ́gba Boltzmann ní ìdáhùn tí kì í já láàárín ọ̀nà bó ti wù kí àkókò gùn tó, lẹ́yìn náà ni àwọn mìíràn mú irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ wọ inú gáàsì tó ń yí padà. Ṣùgbọ́n pé ìdáhùn náà jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, pé gáàsì kan náà kò lè ní ọjọ́ iwájú méjì lórí bébà, kò tíì sẹ́ni tó fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn fún gbogbo irú ìbẹ̀rẹ̀. Ó ń jẹ mí lọ́kàn pé ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ọwọ́ iná kékeré kan ṣì le fún wa tó bẹ́ẹ̀.

Olóòtú, ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtúnṣe sí gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn jáde, pé ìgbóná ń mú ìyípadà yára nítorí pé ìkọlù tó lágbára tó fo ògiri ń pọ̀ sí i, kì í ṣe nítorí pé ìkọlù ń pọ̀. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń ka ìwé ìròyìn yín, àṣìṣe yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń kọ sínú ìdánwò. Ẹ sì ti ṣèlérí pé apá kejì àròkọ náà yóò dá lórí èéfín ẹ́ńjìnnì. Náítríìkì ọ́ksáìdì tí mo fi ṣe àpẹẹrẹ lókè yìí wà lára ohun tó ń ba èéfín náà jẹ́, ìkọlù átọ̀mù ọ́síjìn pẹ̀lú náítrójìn yẹn ló sì ń pinnu bó ṣe ń yára jáde tó, nítorí ògiri rẹ̀ tó nǹkan bí 318 kílójúùlù fún mólì kan. Kí òǹkọ̀wé yín bá wa fi nọ́ńbà yìí ṣírò rẹ̀ fún àwọn òǹkàwé: bí gáàsì inú ẹ́ńjìnnì bá ti 2,000 Kelvin gòkè dé 2,200, ìkọlù inú rẹ̀ yóò fi nǹkan bí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìyára ìgbésẹ̀ tó ń bí náítríìkì ọ́ksáìdì yóò ju ìlọ́po márùn-ún lọ.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ ìṣirò kan tó ń ka ìwé ìròyìn yín déédéé